Ilé Mẹ́ta Lórí Iyanrìn Sharjah

Rárá o, ẹ̀gbọ́n, mi ò ní jókòó. Ẹ má wulẹ̀ fa àga yẹn fún mi. Ìdúró ni mo ti fi ń ṣiṣẹ́ láti aago méje àárọ̀, ìdúró náà ni n ó fi sọ tẹnu mi, torí bí mo bá jókòó pẹ́nrẹ́n, ẹ ó fún mi lómi tútù, ẹ ó béèrè Ọpẹ́mipọ̀ ọmọ mi, ẹ ó dá àpárá kan, èmi náà á rẹ́rìn-ín, n ó sì wọ mẹ́tírò padà sí Al Qusais láì sọ ohun tó gbé mi wá bá yín ní òtẹ́ẹ̀lì Deira yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wá bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti padà. Tòní kọ́. Wàláhì, tòní kọ́!

Ẹ máa tò ó lọ. Mo rí i pé ẹ̀ ń di aago ògiri sínú páálí, mo sì mọ̀ pé lọ́la lẹ ó wọ bàálù lọ sí Èkó. Ìdí nìyẹn tí mo fi sáré wá. Etí lẹ ó fi gbọ́ mi, kì í ṣe ọwọ́.

Ṣé ẹ mọ ibi tí ọkọ mi wà báyìí? Olúṣẹ̀san, tí ẹ mú bí àbúrò, tí ẹ máa ń pè ní Ṣẹ̀san Onísùúrù. Ẹ má sọ pé ó wà níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ wo? Ilé gíga tó ń ṣọ́ ní Al Barsha ti dúró sí àjà kejìdínlógún láti ìgbà tí owó ti dàrú ní ìlú yìí, irin ta jáde lórí rẹ̀ bí irun tí wọn kò dì, àwọn tó ń kọ́ ọ ti padà sí ìlú wọn, ilé-iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ ti kó àga àti tábìlì lọ. Ta ni yóò máa sanwó fún èèyàn láti ṣọ́ òkú ilé?

Sharjah ni ọkọ mi wà. Ó wà nínú ọgbà kan lẹ́yìn àwọn tó ń ta irin àlòkù, ibi tí wọ́n ń kó kábíìnì àlòkù jọ sí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé mẹ́ta tó rà, ó ń ṣọ́ wọn. Ilé mẹ́ta! Ọkùnrin tí kò ní yàrá kan tó lè pè ní tirẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Lárúbáwá yìí, ó ti di onílé mẹ́ta! Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹ ní èwo ni kábíìnì? Háà! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Àwọn yàrá onípáànù tí wọ́n ń tò fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ ni, tí kírénì ń gbé sórí ọkọ̀ bí ẹni gbé páálí bisikíìtì, tí wọ́n ń gbé kiri láti ìdí iṣẹ́ kan dé ìdí iṣẹ́ mìíràn. Ta ló mọ̀ wọ́n jù yín lọ? Ẹ̀yin lẹ fi wọ́n mọ̀ wá.

Ọdún mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n. Ọdún mẹ́rin ni èmi àti Bàbá Ọpẹ́ ti wà ní Dubai yìí, a kò gbé yàrá kan náà rí. Èmi wà ní bedspace àwọn obìnrin, àwa mẹ́jọ nínú yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì. Òun wà ní bárékè àwọn ọlọ́dẹ. Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì. Yàrá mẹ́rìnlá ni mò ń tún ṣe lóòjọ́ tẹ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n dá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dúró, ó di ogún. Mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún tọkọtaya láti gbogbo ayé, èmi àti ọkọ tèmi kò ní ibi tí a lè tẹ́ ẹní sí.

Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan la máa ń pàdé, létí òkun Al Mamzar, a ó jókòó sórí kóríko bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra, èmi tí mo ti bímọ fún un. Kí la sì ń sọ níbẹ̀? Ilé. Ilé tí a ó kọ́ sórí ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì wa ní Ṣágámù, yàrá méjì àti pálọ̀, kí Ọpẹ́ lè kúrò lọ́dọ̀ Kàfáyàt àbúrò mi, kó máa gbé ilé baba rẹ̀. Bàbá Ọpẹ́ á wá igi kan, á yà á sínú iyanrìn, ibi tí ilé ìdáná á wà, ibi tí kànga á wà. Bí omi bá gbé e lọ, á tún un yà. Bí a ṣe ń ṣe fàájì wa nìyẹn.

Ibẹ̀ lẹ bá wa. Ẹ rántí ọjọ́ náà. Ẹ ra ìrẹsì àti ẹran wá, ẹ ṣeun, mi ò gbàgbé oore. Ẹ jẹun tán, ẹ nu ọwọ́ yín, ẹ mú fóònù jáde, ẹ fi fọ́tò hàn wá. Kábíìnì funfun lórí ilẹ̀ yín ní Ṣágámù, Mámà yín dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ ewé. Ẹ ní, "Ṣẹ̀san, wò ó, ilé rèé. Mi ò rí bíríkìlà, mi ò rí káfíńtà, ẹnikẹ́ni kò jí sìmẹ́ńtì mi. Mámà ń sùn níbẹ̀ bí ayaba."

Bí ayaba! Mo gbọ́ ọ, Ọlọ́run gbọ́ ọ, òkun náà gbọ́ ọ. Ẹ tún ní ẹni tó bá ń kọ́ ilé tuntun lásìkò yìí ń fi owó ṣòfò ni, nígbà tí ilé tó ti di ilé wà nílẹ̀ ní Sharjah tí kò sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀, ẹ ní kí a kàn gbé e. Ẹ kàn ní "ẹ gbé e", bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àpótí ìtìsẹ̀. Ẹ̀yin ti dìde, ẹ ti ń wá takisí, Bàbá Ọpẹ́ kò tíì fọwọ́ kan ẹran tó wà níwájú rẹ̀. Fọ́tò yẹn ló ń jẹ.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má fọ́nnu. Ta ni kì í fọ́nnu? Gbogbo wa níbí là ń fọ́nnu fún ilé, tí ilé náà ń fọ́nnu fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ẹ fọ́nnu fún, ẹ̀gbọ́n! Ẹ wo ọkùnrin tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀!

Nígbà tí iṣẹ́ náà bọ́, wọ́n fún un ní owó ìdágbére díẹ̀. Ó fi kún èyí tí a ti ń tọ́jú láti ọdún mẹ́rin, ó lọ sí Sharjah lọ́jọ́ Ajé, ó ra kábíìnì mẹ́ta. Ọjọ́ Jímọ̀ ló tó sọ fún mi. Ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Jímọ̀, a ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lójoojúmọ́, ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun! Nígbà tó wá fẹ́ sọ ọ́, ó fa ìwé kan yọ lápò, ó ní, "Ìyá Ọpẹ́, ìṣirò ni. Jọ̀wọ́ kà á kó o tó bínú."

Mo kà á. Ó kọ ọ́ dáadáa, ìwé kíkọ rẹ̀ rẹwà, ẹ mọ̀ ọ́n. Ilé tuntun ní Ṣágámù, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n dírámù. Ilé tó ti wà nílẹ̀, kábíìnì mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún méjìlá. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo yí ìwé náà síwá, mo yí i sẹ́yìn. Mo ní, "Bàbá Ọpẹ́, òkun dà?" Ó ní òkun wo? Mo ní òkun tó wà láàárín Sharjah àti Èkó. Níbo lo kọ ọ́ sí? Ẹ̀gbọ́n, kò kọ òkun síbẹ̀! Kò kọ kírénì, kò kọ Àpápá, kò kọ ọkọ̀ tí yóò gbé e láti Àpápá lọ sí Ṣágámù. Ọkùnrin tó ń ka ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣọ́ ilé, ó gbàgbé òkun.

Ẹ mọ èsì tó fún mi? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Ṣàngódèyí á bá wa kó o mọ́ ẹrù wọn."

Nígbà tó wá pè yín, kí lẹ sọ fún un? Ẹ ní tiyín, wọ́n tú u sí wẹ́wẹ́ ni, ó wọ inú kọ̀ńténà pẹ̀lú ẹrù ọjà. Tiwa, irin ni wọ́n jó pọ̀, bí wọ́n bá tú u, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, odidi ló gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà wo lẹ sọ ọ́? Lẹ́yìn tó ti sanwó! Ó wá ń lọ láti ọ́fíìsì ẹlẹ́rù kan dé òmíràn, ní òpópónà yín yìí gan-an, wọ́n ní kí kábíìnì kan ṣoṣo tó dé Àpápá, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá dírámù. Méjìlá ló fi ra mẹ́ta, mọ́kànlá ni yóò fi gbé ẹyọ kan. Ilé pọ́ọ̀kú, ọ̀nà ni kò pọ́ọ̀kú. Ẹ̀yin oníṣòwò lẹ mọ irú nǹkan yẹn, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé aago ògiri yìí kò ní iye kankan títí yóò fi dé Èkó. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún un?

Àti pé ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè kan, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tó ń kọ́ ilé tuntun ń fi owó ṣòfò. Báwo ni àwọn òbí wa ṣe kọ́ ilé? Oṣù yìí, ọgọ́rùn-ún búlọ́ọ̀kù. Oṣù tó ń bọ̀, irin méjì. Ọmọ ṣàìsàn, ilé dúró. Ọmọ gbádùn, ilé tẹ̀ síwájú. Kóríko á hù nínú yàrá, ewúrẹ́ onílé kejì á máa sùn níbẹ̀, àwọn èèyàn á ní a kò ní parí rẹ̀ láé, kò burú, ilé náà dúró dè wá. Ilé kíkọ́ ní sùúrù fún tálákà. Ilé gbígbé kò ní. Ṣé a lè gbé ilé dé àárín òkun, ká sọ fún ọ̀gá ọkọ̀ pé owó ti tán, kó dúró níbẹ̀ di ìparí oṣù?

Ọkọ Kàfáyàt, bíríkìlà ni. Ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, ojú ọ̀nà kan náà ni òun àti ilẹ̀ wa wà. Bí a bá fi owó yẹn kọ́lé, ẹbí wa á jẹ nínú rẹ̀, àdúgbò á jẹ nínú rẹ̀, ilé náà yóò sì dé orí fèrèsé, bóyá kó kọjá bẹ́ẹ̀. Owó ọkọ̀ ojú omi, ta ni yóò jẹ ẹ́ nínú ẹbí wa?

Ẹ ní kí n rọra sọ̀rọ̀? Kí àwọn tó wà ní yàrá kejì má bàa gbọ́? Kí wọ́n gbọ́! Ó dáa. Ó dáa, mo ti rẹ ohùn sílẹ̀.

Mo wá oníbàárà. Èmi, èmi Raliat, mo lọ káàkiri. Ọ̀gá kan wà, ará Kérálà ní Íńdíà, tó ń bá òtẹ́ẹ̀lì wa tún páìpù ṣe, ó ní òṣìṣẹ́ ní Sharjah, ó ń wá yàrá fún wọn, ó ní tuntun wọ́n jù fún òun. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí àwọn kábíìnì náà bá dára, òun á san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A ó pàdánù ẹgbẹ̀rún méjì. Mo ní Alhamdulillah, a fi kọ́gbọ́n. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí, mo gba àyè níbi iṣẹ́, èmi àti ọ̀gá náà jọ lọ sí ọgbà yẹn. Bàbá Ọpẹ́ ti lọ sí mọ́sálásí láti pọn omi.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ ohun tí mo bá lára ilé?

Ó ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní èdè òyìnbó, gàdàgbà gadagba, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára ògiri nílé lọ́dọ̀ wa, pé ilé yìí kì í ṣe fún títà, kí gbogbo èèyàn ṣọ́ra fún gbájúẹ̀! Ní Sharjah! Nínú ọgbà tí wọ́n ti ń ta ilé! Ó ní ẹ̀rù ń ba òun kí ọlọ́gbà má lọ tà á fún ẹlòmíràn lẹ́yìn òun, bí àwọn ọmọ onílẹ̀ ṣe ń ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́rin. Kábíìnì bí ọgọ́rùn-ún ló wà nínú ọgbà yẹn, tiwa nìkan ló ń pariwo.

Ọ̀gá náà ka ti àkọ́kọ́, ó ka èkejì, ó ka ẹ̀kẹta. Ó wò mí. Ó ní ṣé ilé yìí wà ní kóòtù ni? Mo ní rárá o. Ó ní ta wá ni gbájúẹ̀ náà? Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé Nàìjíríà fún ará Kérálà nínú oòrùn? Mo ní ọkọ mi ló kọ ọ́, ó ń ṣeré ni. Ó ní, "Madam, khalas, ó tán, èmi ò fẹ́ wàhálà." Ó ti ń padà lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Mo sáré tẹ̀lé e, mo di fèrèsé ọkọ̀ mú. Àánú mi ṣe é. Ó ní òun á padà wá lọ́jọ́ Sátidé, bí ọkọ mi bá pa ìwé yẹn rẹ́ fúnra rẹ̀, tó sì fọwọ́ sí ìwé títà níwájú òun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á ra ti ẹlòmíràn. Sátidé, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀túnla. Ìparí oṣù yìí ni físà Bàbá Ọpẹ́ yóò sì kú, ọlọ́gbà ti ní bí kò bá ti sí níbẹ̀ láti fi ìṣọ́ san owó ilẹ̀, òun á gba ilé náà.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Lọ́jọ́ kejì, ó ra ọ̀dà mìíràn, ó tún un kọ, kó lè hàn dáadáa.

Ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ti kúrò níbi ẹ̀rín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti wọ inú ilé náà. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ni. Ó ti fi aṣọ kọ́ fèrèsé, ó ti gbá a mọ́, ó kó bàtà rẹ̀ síta lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní, "Wọlé, ìyàwó onílé." Ó fi yàrá Ọpẹ́ hàn mí, ó ní ibi tí ọmọ á gbé tábìlì ìwé rẹ̀ sí rèé. Ó wá ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ọkọ mi ni! Ọdún mẹ́rin! Ìgbà àkọ́kọ́ tí a ó ti ilẹ̀kùn kan mọ́ ara wa ní ilẹ̀ yìí nìyẹn. Mo sunkún. Ó rò pé ayọ̀ ni. Ayọ̀ wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ooru. Yé è, ooru! Kò sí iná lẹ́sẹ̀ ilé wa nínú ọgbà yẹn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí òógùn fi gba gbogbo ara wa bí ẹran tí wọ́n dé mọ́ ìkòkò. Ó jáde, ó lọ bu omi, ó ń dà á sórí páànù, omi náà ń gbẹ kó tó kán sílẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀, mo ń wo ihò tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri fún AC, ìgbà yẹn ló yé mi. AC yẹn gan-an ni ilé. Páànù kàn jẹ́ àpò tí wọ́n ń fi gbé òtútù pamọ́ ni. Níhìn-ín iná kì í lọ, ilé-iṣẹ́ ló sì ń san owó rẹ̀. Ní Ṣágámù ńkọ́? Nígbà tí iná bá lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, ṣé inú ààrò yẹn ni ọmọ mi á ti máa kàwé?

Mo sọ fún un. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú garawa lọ́wọ́, omi ń kán lára rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ọpẹ́, àwọn tó lọ sí Dubai ń gbé mọ́tò bọ̀ wálé. Èmi, ọdún mẹ́rin, báàgì kan ni kí n gbé délé? Kí ni n ó fi hàn wọ́n?" Kò pariwo. Ìbá tilẹ̀ ṣe pé ó pariwo. Mo ní ooru ilé yìí á pa èèyàn. Ó wá rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti borí, ó ní, "Mámà Ẹ̀gbọ́n ń sùn nínú tiwọn. Àgbàlagbà ni wọ́n. Bí ooru bá ń pa wọ́n, ṣé wọn kò ní sọ?"

Ohun kan ṣoṣo tó kù tó dì mú nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín.

Mo bá pe Kàfáyàt. Mo ní, lọ bá mi kí Mámà Ẹ̀gbọ́n Ṣàngódèyí, wo bí wọ́n ṣe gbé ilé wọn kalẹ̀, bóyá a lè kọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Pẹ̀lú ọkàn kan ni mo rán an, kì í ṣe amí. Ó lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé tó kọjá. Kò bá Mámà nínú ilé. Ó bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kejì, lórí ẹní, wọ́n fi ìkòkò omi ti ẹ̀gbẹ́ wọn.

Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì ló wà nínú kábíìnì yín, ẹ̀gbọ́n. Ọkùnrin kan tó ń ta sìmẹ́ńtì ló gbà á lọ́wọ́ Mámà, ó ń fún wọn ní owó díẹ̀ lóṣooṣù. Mámà kò sùn níbẹ̀ ju oṣù kan lọ. Wọ́n ní ẹ̀yin ra jẹnẹrétọ̀ fún wọn, okùn rẹ̀ le ju apá wọn lọ, wọn kò lè fà á. Wọ́n ní àwọn ti sọ fún yín láti ọdún tó kọjá. Wọn kò rojọ́ yín o! Wọ́n ń gbàdúrà fún yín ni. Wọ́n di ọwọ́ Kàfáyàt mú, wọ́n ní, "Má sọ fún ọmọ mi pé o bá mi níbí, inú rẹ̀ kò ní dùn, ó ná owó púpọ̀." Ìyá yín nìyẹn. Ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n bẹ̀ ni mo ń ṣẹ̀ sí báyìí, kí Ọlọ́run forí jì mí.

Ẹ ti mọ̀! Nígbà tí ẹ ń bá wa jẹran létí òkun, ẹ ti mọ̀! Ẹ mú fọ́tò ọjọ́ àkọ́kọ́ jáde, ẹ fi han ọkùnrin tí kò ní nǹkan kan, ẹ ní bí ayaba. Kí ni a ṣe fún yín, ẹ̀gbọ́n? Ṣé a ṣẹ̀ yín rí? Òun ló gbé ẹrù yín nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn yín. Èmi ni mo fọ aṣọ yín nígbà tí ibà mú yín ní òtẹ́ẹ̀lì yìí.

Ẹ ti gbé aago ògiri yẹn sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ibi lẹ fi lọ̀ wá. Mo ti rò ó títí. Ojú ló tì yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ní Èkó, ẹ ò lè sọ fún àwọn àbúrò yín pé ẹ gbé ilé kọjá òkun tí ìyá yín kò lè gbé inú rẹ̀. Ó dáa. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ìtìjú yín ti wọ ilé mi, ó ti ra kábíìnì mẹ́ta, ó ti ń fi ọ̀dà pupa kọ̀wé!

Ẹ ní ẹ ó fún mi ní owó? Ẹ dá a padà sápò. Mi ò torí owó wá síbí. Ẹ ní ẹ ó gbàdúrà? Mo ti ń gbà á.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Ẹ bá mi lọ sí Sharjah nísinsìnyí. Rárá, kì í ṣe lórí fóònù! Lórí fóònù, ẹ ó yí i po, ẹ ó ní "Ṣẹ̀san, gbọ́, ọ̀rọ̀ ilé yẹn, a ó tún un yẹ̀ wò." Ẹ jókòó tì í sẹ́nu ọ̀nà ilé yẹn nínú ooru yẹn, kí ẹ sọ fún un lójú èmi, pé Mámà kò sùn níbẹ̀, pé ẹ̀yin náà ṣi ìṣirò. Gbólóhùn méjì. Kò ní gbọ́ tèmi. Ìyàwó ni mí, ó rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ pé ẹni bíi tiyín ṣìnà, yóò lè gbà pé òun náà ṣìnà, ọwọ́ rẹ̀ á lè gbé burọ́ọ̀ṣì, á pa ìwé yẹn rẹ́, á ta ilé lọ́jọ́ Sátidé, a ó gbé owó náà lọ sílé, ọkọ Kàfáyàt á fi bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀. Bó bá jẹ́ báàgì kan ló gbé délé, èmi ni n ó bá a gbé e.

Bí ẹ kò bá sì lọ, ẹ máa lọ sí Èkó. Mi ò ní ṣépè fún yín, torí Mámà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé nígbàkigbà tí ẹ bá ń fi fọ́tò yẹn han ẹnikẹ́ni, obìnrin kan wà ní Dubai tó mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀.

Kí lẹ wí? Mi ò gbọ́. Ẹ tún un sọ.

Ó dáa. Ẹ ṣeun. Ẹ wọ bàtà yín, bọ́ọ̀sì Sharjah kò jìnnà síbí. Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ òsì lẹ tì bọ bàtà ọ̀tún yẹn. Ẹ bọ́ ọ, ẹ tún un wọ̀. Mò ń dúró.